Wọ́n Ní Ìtọ̀ Ni

Aboyún mẹ́ta ló wọlé tọ̀ mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pẹ̀lú ìwé síkáànì lọ́wọ́, ẹkún lójú, pé omi ọmọ àwọn, omi tó yí ọmọ ká nínú ikùn, ti ń gbẹ. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti kọjá ọ̀sẹ̀ 37. Mo wo ìwé wọn: sẹ̀ǹtímítà 3, 4, 3. Láàrin 2 sí 8 la ń fẹ́ kí ibi tí omi náà ti jìn jù nínú ilé ọmọ wà. Ta ló ń kó ìpayà bá yín?

Ní ọ̀sẹ̀ 10, omi náà kò ju ṣíbí ìjẹun méjì lọ. Nígbà tó bá fi máa di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 34, ó ti tó mílílítà 800, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan àtààbọ̀. Láti ibẹ̀ ló ti ń dínkù. Lọ́sẹ̀ 40, ó lè ku bíi 600. Ìtọ̀ ọmọ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀: ọmọ á tọ̀ ọ́, á tún gbé e mì. Ìdí rèé tí inú fi ń bí mi sí ẹni tó ń ta ibuprofen fún aboyún tó ti kọjá ọ̀sẹ̀ 20. Ó lè ba kíndìnrín ọmọ jẹ́, omi á sì wọlẹ̀. Ẹni tó bá sì ní kí ẹ má mu omi torí pé ikùn yín tóbi, ẹ má dá a lóhùn.

Ọdún 22 ni mo ti ń gbẹ̀bí l'Abẹ́òkúta. Omi tó ń jò ló ń já mi láyà jù. Ẹ lè mú ìtọ̀ mọ́ra. Omi ọmọ kò ṣeé mú mọ́ra. Ẹ fi páàdì funfun sídìí, ẹ rìn díẹ̀, kí ẹ wá yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ gbóòórùn rẹ̀. Tó bá rin, tí kò sì rùn bí ìtọ̀, ilé ìwòsàn ló kàn. Tí àwọ̀ rẹ̀ bá jọ ti ewé, ọmọ ti yàgbẹ́ sínú rẹ̀ nìyẹn; ẹ má ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró di báàgì.

Aláàdìrẹ kan láti Ìtọ̀kú, oyún ọ̀sẹ̀ 31, jò fún ọjọ́ mẹ́rin. Ìyá alágbo kan wo ikùn rẹ̀ lójú lásán, ó ní ọmọ ló jókòó lé ilé ìtọ̀, ó sì bu àgbo fún un. Àjákù àdìrẹ ló fi ń nu ara. Aró kò jẹ́ kó rí àwọ̀ omi náà. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, ara rẹ̀ ń jó bí iná, àrùn ti wọ ilé ọmọ. A gbẹ̀bí rẹ̀ lóru ọjọ́ náà. Ọmọ kò tó kílò méjì, ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló lò nínú ẹ̀rọ tó ń mú ọmọ móoru kó tó bọ́.

Mo bi í pé kí ló dé tí kò pè mí.

"Màmá nọ́ọ̀sì, wọ́n ní ìtọ̀ ni."