Àmì Ìràwọ̀ Kò Fi Kóòdù Pamọ́

Ẹni tó bá wọ ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ kan lágbègbè Òdogunyàn ní Ìkòròdú lónìí, ó ṣeé ṣe kó ṣì bá ẹ̀rọ fáàsì, tó ń gba orí láìnì fóònù rán ìwé, níbẹ̀. Kì í sábà dá dúró mọ́. Inú fọ́tókọ́pì ńlá tó ń tẹ̀wé ni wọ́n rọ ọ́ sí. GSM tó dé lọ́dún 2001 àti ímeèlì tó tẹ̀ lé e ti gba púpọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ní Amẹ́ríkà àti ọ́fíìsì ní Jàpáàn ṣì ń lò ó, ẹni tó bá sì ń bá òkè òkun ṣòwò lè rí i pé fáàsì ni oníbàárà òun ń bèèrè. Bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ka ìwé tó sì ń sọ ọ́ di ìró, ẹ jẹ́ ká fò ó. Kóòdù ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé tí àwọn bá ti tẹ kóòdù, tí ojú ẹ̀rọ sì fi àmì ìràwọ̀ mẹ́rin hàn dípò nọ́ńbà, àṣírí ti bò nìyẹn. Akọ̀wé á ní, "Ẹ wò ó, sà, kò sẹ́ni tó lè rí i." Òótọ́ ni, kò sẹ́ni tó rí i. Ẹni tó gbọ́ ọ ńkọ́?

Oríṣi kóòdù mẹ́ta ló ń gba ara ẹ̀rọ yìí kọjá, wọ́n sì máa ń dàrú mọ́ àwọn tó ń lò ó lójú. Àkọ́kọ́ ni èyí tó ń ṣí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀: kóòdù ẹ̀ka iṣẹ́, tó ń jẹ́ kí akáǹtì mọ iye ojú ìwé tí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan rán, àti kóòdù alábòójútó tó lè yí gbogbo nǹkan padà. Ìkejì ni èyí tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ sórí láìnì: 9 tàbí 0 láti bọ́ síta kúrò lórí íńtákọ́ọ̀mù, lẹ́yìn náà kóòdù tí PABX, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń darí gbogbo ìpè fóònù ilé-iṣẹ́, máa ń bèèrè kó tó gbà kí èèyàn tẹ 009 pe òkè òkun. Ìkẹta ni èyí tí fáàsì kan ń sọ fún fáàsì kejì kí ìwé tó lè wọ àpótí àṣírí.

Ti àkọ́kọ́ kò gba àlàyé púpọ̀. Kóòdù alábòójútó tí ẹ̀rọ gbé wá láti ilé-iṣẹ́ tó ṣe é wà nínú ìwé ìlànà rẹ̀, ìwé ìlànà sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kà á. Ọ́fíìsì tí kò bá yí i padà kò tíì ní kóòdù rárá. Ti ìkejì ló ń náni lówó. Ẹni tó bá mọ kóòdù PABX lè jókòó sídìí fóònù mìíràn nínú ilé-iṣẹ́ kan náà kó máa pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, kí owó rẹ̀ sì wá jáde lórí ìwé owó ilé-iṣẹ́. Àwọn PABX kan tilẹ̀ gbà kí èèyàn pè wọlé láti ìta, kó tẹ kóòdù, kó sì tún gba ibẹ̀ pè jáde. Irú èyí, olè kò nílò àtidé Ìkòròdú.

Bí akọ̀wé bá wá tẹ kóòdù náà, kí ni ẹ̀rọ ń ṣe? Ìró ni ó ń sọ ọ́ dà. Ilé-iṣẹ́ Bell ní Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ gbé ọ̀nà yìí fún àwọn oníbàárà ní oṣù kọkànlá ọdún 1963, ní ìlú Carnegie àti Greensburg ní Pennsylvania, kó tó di ti gbogbo ayé. Ìlà mẹ́rin ni bọ́tìnnì fóònù wà, láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìlà kọ̀ọ̀kan sì ní ìró tirẹ̀: 697, 770, 852 àti 941 hertz, ìyẹn iye ìgbà tí ìró ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Òpó mẹ́ta ló dúró lóròó, àwọn náà ní tiwọn: 1209, 1336 àti 1477. Bọ́tìnnì tí èèyàn bá tẹ̀ á ké ìró ìlà rẹ̀ àti ìró òpó rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. 5 wà ní ìlà kejì àti òpó kejì, nítorí náà 770 àti 1336 ni yóò jáde. 0 jẹ́ 941 àti 1336. 9 jẹ́ 852 àti 1477.

Ẹni tó bá fara balẹ̀ wo àwọn nọ́ńbà wọ̀nyẹn á rí i pé kì í ṣe pé wọ́n kàn ṣà wọ́n jọ. Kò sí èyí tó jẹ́ ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta èkejì rẹ̀. Bí èèyàn bá ro méjì pọ̀ tàbí tó yọ ọ̀kan kúrò nínú òmíràn, kò ní bá ìkankan nínú wọn mọ́ra. Ìdí ni pé ohùn èèyàn máa ń gbé ìlọ́po ara rẹ̀ lọ́wọ́. Bí ẹnì kan bá ń kọrin nítòsí fóònù, wọn kò fẹ́ kí orin rẹ̀ di nọ́ńbà. Ìró méjì tí kò bára tan, tó jáde pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó ṣòro kí ọ̀fun ọmọ èèyàn ṣèèṣì pè é. Ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ọ kò sì nílò ju nǹkan bí ìdá kan nínú 25 ìṣẹ́jú-àáyá lọ kó tó mọ bọ́tìnnì tí wọ́n tẹ̀. Iṣẹ́ ọpọlọ gidi ni.

Ẹni tó dàgbà sídìí dùndún ni ọ̀rọ̀ yìí máa tètè yé. Onílù á máa sọ̀rọ̀ lójú gbogbo ayé láàárín ọjà, àlejò á máa jó sí i, ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn nìkan ni yóò mọ̀ pé wọ́n ti bú òun. Àṣírí ń lọ nínú ariwo. Ṣùgbọ́n dùndún ní ààbò kan tí bọ́tìnnì fóònù kò ní. Ohùn ọ̀rọ̀ nìkan ni awọ ń gbé jáde, kì í gbé létà. Ilé, igbá, ọkọ́: ohùn àárín àti ohùn òkè ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bákan náà ni ìlù ń pè wọ́n. Ìdí nìyẹn tí àyàn fi máa ń na gbólóhùn gùn, tó ń fi oríkì ti ọ̀rọ̀ lẹ́yìn. Síbẹ̀, àgbà méjì lè jókòó sí òde ìnáwó kan náà kí wọ́n máa bára wọn jiyàn lórí ohun tí onígángan sọ. Ẹni tí kò mọ ìdílé, tí kò mọ ìjà tó wà nílẹ̀, ìlù á gba orí rẹ̀ kọjá. Ká ní ìlù ni ilé-iṣẹ́ fi ń pe òkè òkun ni, olè kóòdù ì bá ní láti kọ́kọ́ lọ jókòó ti onílù, kó kọ́ oríkì ọ̀gá, kó mọ ìgbà tí wọ́n ń kì í àti ìgbà tí wọ́n ń pẹ̀gàn rẹ̀. Kó tó gbọ́ ìlù tán, wọ́n á ti yí kóòdù padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Fáàsì kò ní irú iyèméjì bẹ́ẹ̀. 5 kì í jọ 8. Àwọn tó ṣe ìró náà ń ronú nípa wáyà jíjìn tó kún fún ariwo, wọn kò sì fẹ́ kí ẹ̀rọ tó wà ní òdìkejì ṣi nọ́ńbà kankan gbọ́. Ohun tó mú kó dára fún iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ló sọ ọ́ di aláròká.

Ó wá burú sí i torí pé ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ fáàsì máa ń ṣí sípíkà sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá ń pe nọ́ńbà. Ìdí rẹ̀ dára: kí ẹni tó ń rán ìwé lè gbọ́ bóyá láìnì kò ráyè, tàbí bóyá èèyàn ló gbé e lódìkejì tó ń ké "hẹ́lò, hẹ́lò". Ṣùgbọ́n ohun tí sípíkà ń ké káàkiri yàrá nígbà náà ni 9, lẹ́yìn náà kóòdù, lẹ́yìn náà nọ́ńbà oníbàárà. Àmì ìràwọ̀ wà lójú ẹ̀rọ, ẹnu rẹ̀ ń ka gbogbo rẹ̀ síta. Ẹni tó wá gba ìwé, tí fóònù inú àpò rẹ̀ ń gba ohùn sílẹ̀, ti rí ohun tó fẹ́. Ìṣirò tí kọ̀ǹpútà fi ń wá ìró kan pàtó nínú ariwo, tí Gerald Goertzel gbé jáde lọ́dún 1958, á ka nọ́ńbà yẹn fún un kíá. Ẹlòmíràn kò tilẹ̀ nílò kọ̀ǹpútà. Ìró bọ́tìnnì fóònù GSM náà nìyẹn: ọmọ iṣẹ́ tí etí rẹ̀ dá ṣáṣá, tó ń gbọ́ orin kóòdù kan náà láràárọ̀, lè máa tẹ fóònù tirẹ̀ títí orin méjèèjì á fi bára mu. Ọmọ tó ń gbọ́ ìyàtọ̀ ohùn láàárín ọkọ̀ àti ọkọ́ láti kékeré, ṣé èyí ló máa ṣòro fún un?

Ìtọ́jú rẹ̀ wà nínú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, àmọ́ àwọn èèyàn máa ń ṣì í ṣe. Wọ́n á dín ohùn agogo kù, ìyẹn èyí tó ń dún nígbà tí fáàsì bá ń wọlé, wọ́n á rò pé ó tán. Ohùn ìpè jáde lọ́tọ̀ ni, ohùn agogo lọ́tọ̀. Èyí tí wọ́n ń pè jáde ni kí wọ́n wá rí, kí wọ́n pa á pátápátá. Bí láìnì kan náà bá sì tún wọ yàrá mìíràn, ẹni tó bá gbé fóònù ibẹ̀ ṣì máa gbọ́ gbogbo rẹ̀, sípíkà ì báà kú.

Lẹ́yìn etí ni ìwé. Ìwé ìjábọ̀ tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ jáde láti fi hàn pé ìránṣẹ́ ti dé máa ń kọ gbogbo nọ́ńbà tí wọ́n pè, kóòdù inú rẹ̀ pẹ̀lú bí wọn kò bá fi í pamọ́. Láyé bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, oníbàárà ló máa ń mú ìwé yẹn lọ sílé gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Ní ọ́fíìsì, wọ́n á fi pín-ìnnì so ó mọ́ lẹ́tà, wọ́n á kó o sí fáìlì tí gbogbo ayé ń ṣí. Bọ́tìnnì tó ń tún nọ́ńbà ìkẹyìn pè náà mọ kóòdù. Ìwé nọ́ńbà àkọsílẹ̀ inú mẹ́mórì mọ̀ ọ́n. Àwọn ẹ̀rọ kan ní bọ́tìnnì àṣírí tí wọ́n ń tẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń kọ nọ́ńbà sínú mẹ́mórì, kóòdù kò ní hàn lójú ẹ̀rọ mọ́; ó wúlò, ṣùgbọ́n ojú náà ló ṣì ń bò. PABX sì lè ní ìwé ìpè tirẹ̀ lọ́tọ̀, tó ń kọ gbogbo ohun tí wọ́n tẹ̀, tí bọ́tìnnì ara fáàsì kò lè dá dúró.

Àwọn fáàsì tó ń fi ríbọ́ọ̀nù dúdú tẹ̀wé tún ní tiwọn. Ibi tí tádà bá ti kúrò lára ríbọ́ọ̀nù láti lọ di lẹ́tà, àpẹẹrẹ lẹ́tà náà á ṣẹ́kù síbẹ̀. Ríbọ́ọ̀nù tí wọ́n jù sínú garawa ìdọ̀tí, èèyàn lè nà án síwájú iná kó ka gbogbo ìwé tó ti jáde, ìwé ìjábọ̀ àti kóòdù inú rẹ̀.

Kóòdù kẹta, ti àpótí àṣírí, gbọ́n díẹ̀. Nínú ìlànà tí àwọn fáàsì fi ń kí ara wọn, ẹ̀rọ tó ń ránṣẹ́ lè sọ nọ́ńbà àpótí àti ọ̀rọ̀ aṣínà kí ìwé tó wọlé, ẹ̀rọ kejì á sì tọ́jú ìwé sí mẹ́mórì títí olówó rẹ̀ á fi wá tẹ kóòdù tirẹ̀. Èyí ń gba èèyàn lọ́wọ́ wàhálà tó wọ́pọ̀ jù: ìwé owó oṣù ọ̀gá tó sùn sórí ẹ̀rọ títí ilẹ̀ fi mọ́. Ṣùgbọ́n wọn kò fi nǹkan kan bo ọ̀rọ̀ aṣínà náà lójú ọ̀nà. Ìró méjì ló ń gbé e, 1650 àti 1850 hertz, ní ìwọ̀n 300 bíìtì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kó lè dá ẹ̀rọ tó wà lódìkejì lójú.

Ohun tó dára jù ni kí fáàsì má mọ kóòdù PABX rárá. PABX mọ fóònù tí ìpè ti ń bọ̀. Wọ́n lè sọ fún un pé láìnì fáàsì yìí, àwọn nọ́ńbà òkè òkun kan báyìí nìkan ló lè pè, ní àkókò iṣẹ́ nìkan, láìtẹ kóòdù kankan. Ohun tí ẹ̀rọ kò mọ̀, kò lè kà á síta. Ó yani lẹ́nu pé ọ́fíìsì púpọ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n á fún gbogbo òṣìṣẹ́ ní kóòdù kan ṣoṣo, ẹni tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ á sì mú un lọ. Láti mọ ẹni tó máa san owó ìpè ni wọ́n fi dá irú kóòdù bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ẹrù àṣírí tí wọ́n wá dì lé e lórí ti pọ̀ jù fún un.

Ó ku ọ̀rọ̀ tòkunbọ̀. Fọ́tókọ́pì tó wọ̀lú láti Yúróòpù tàbí Amẹ́ríkà lè ní díìsìkì nínú, gbogbo ohun tí olówó rẹ̀ àtijọ́ kọ sínú rẹ̀ sì lè wà níbẹ̀. Ní 2013, ilé-iṣẹ́ adójútòfò ìlera kan ní Amẹ́ríkà, Affinity Health Plan, san owó tó lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là fún ìjọba torí pé ó dá fọ́tókọ́pì tó háyà padà láìnu díìsìkì rẹ̀. Ẹ̀rọ tí ọ́fíìsì Ìkòròdú bá fẹ́ tà náà ń kó kóòdù tiwọn lọ. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti nù ún, kí wọ́n ní kó tẹ ìwé nọ́ńbà àkọsílẹ̀ rẹ̀ jáde. Bí ìlà kan ṣoṣo tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 9 bá ṣì wà lórí ìwé náà, kí ẹni tó fẹ́ rà á ṣì ní sùúrù ná.