Kí ni telethon? Bí tẹlifíṣàn ṣe ń kówó ìwòsàn jọ

Ẹni tó bá ń gbọ́ rédíò l'Ákùúrẹ́ mọ ẹ̀bẹ̀ yìí dáadáa: aláìsàn kan wà ní ọsibítù, owó iṣẹ́ abẹ ti ju agbára ẹbí lọ, ẹ jọ̀ọ́, nọ́ńbà àkáǹtì rèé. Telethon jọ ọ́, àmọ́ gbogbo àwọn tí àrùn kan ń bá fínra ni wọ́n ń tìtorí wọn ṣe é. Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn á gbé ètò yòókù tì fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Olórin á kọrin, aláwàdà á dẹ́rìn-ín pa wọ́n, dókítà á ṣàlàyé. Àwọn kan jókòó ti tẹlifóònù, wọ́n ń kọ ìlérí sílẹ̀, pátákó ńlá kan sì ń fi àpapọ̀ owó hàn. Ẹni tó bá ti dé ibi láńṣì rí mọ̀ pé bí wọ́n bá ti ń ka iye owó sókè ni ọwọ́ ń yá.

Amẹ́ríkà ló ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1949, aláwàdà Milton Berle wà níwájú kámẹ́rà fún wákàtí 16 nítorí ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ. Aláwàdà mìíràn, Jerry Lewis, ló wá sọ ọ́ di ohun ọdọọdún: láti 1966 títí di 2010, nígbà ìsinmi àwọn òṣìṣẹ́ nínú oṣù Kẹsàn-án, ó ń tọrọ fún àwọn tí iṣan ara wọn ń kú díẹ̀díẹ̀. Chile bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní 1978, wọ́n sì ń fi owó ẹ̀ kọ́ ilé ìtọ́jú fún àwọn ọmọ tó ní ìpèníjà ara.

Ti Faransé ló wú mi lórí jù. Ẹgbẹ́ tí àwọn òbí àwọn ọmọ tó ní àrùn iṣan dá sílẹ̀ ní 1958 ló gbé e lọ sórí tẹlifíṣàn ní 1987. Nínú owó yẹn ni wọ́n ti dá ilé ìwádìí Généthon sílẹ̀ ní 1990. Ní 1992, àwọn onímọ̀ ibẹ̀ gbé àwòrán-atọ́nà àbùdá ènìyàn, ìyẹn ohun tí ọmọ ń jogún lára òbí, jáde, wọ́n sì jẹ́ kí gbogbo onímọ̀ lágbàáyé lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ wo ibi tí owó àwọn tó jókòó sílé wọn wòran gbé ìmọ̀ ìṣègùn dé!

Àmọ́ ìlérí kì í ṣe owó. Ẹni tó bá ṣètò rẹ̀ gbọ́dọ̀ tọpa rẹ̀ títí yóò fi wọlé. Èyí tó tún wúwo ju ìyẹn lọ ni ohun tó mú kí àwọn tó ní ìpèníjà ara fi ẹ̀hónú hàn sí telethon ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn ITV ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1992. Wọ́n ní wọ́n ń fi àwọn ṣe ìran àánú, bẹ́ẹ̀ ẹ̀tọ́ àwọn ni àwọn ń béèrè. Òótọ́ ni wọ́n sọ.

Ní ìpínlẹ̀ Oǹdó wa yìí, àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ni mo fẹ́ kí a ṣe é fún. OSRC, ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣàn ìpínlẹ̀ wa, wà l'Ákùúrẹ́, fásitì ìmọ̀ ìṣègùn wà nílùú Oǹdó. Kí àwọn tó ní àìsàn náà fúnra wọn darí ètò ọ̀hún, kí owó ẹ̀ lọ sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ tuntun, torí ọmọ tí wọ́n bá tètè mọ̀ pé ó ní in ni wọ́n lè tètè dáàbò bò. Kí wọ́n sì padà sórí tẹlifíṣàn kan náà wá ka bí wọ́n ṣe ná an.