Bí owó ṣe ń pòórá nínú ìwé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù

Láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Ṣágámù, ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ló ń rí owó ṣòwò nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Olè tó ń wọ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í já ilẹ̀kùn. Bírò ló ń lò, ó sì ń ráyè níbi tí ọwọ́ tó ń gbowó bá ti jẹ́ ọwọ́ kan náà tó ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Èyí tó wọ́pọ̀ ni fífi owó ẹnìkan dí ihò ẹlòmíràn. Ẹ jẹ́ ká sọ pé lọ́jọ́ Ajé, ìyá onígààrí kan ní Òkè-Ajé san ₦50,000 lára owó tó yá. Akọ̀wé já rìsíìtì fún un, ó kó owó sápò, kò kọ nǹkan kan sínú lẹ́jà, ìyẹn ìwé ìṣirò owó ẹgbẹ́. Lọ́jọ́rú, aláṣọ kan san ₦50,000, akọ̀wé sì kọ ọ́ sí orúkọ onígààrí. Lọ́jọ́ Ẹtì, owó ẹni kẹta bọ́ sí orúkọ aláṣọ. Bí ẹ bá ka lẹ́jà lópin oṣù, ẹyọ ẹnìkan ló máa dà bíi pé ó pẹ́ díẹ̀ kó tó san, ta ló máa kọminú sí ìyẹn? Ihò náà kò sì dí. Ó kàn ń ti orúkọ kan bọ́ sí òmíràn ni. Kì í dúró sí ₦50,000 náà, torí ẹni tó jí i lẹ́ẹ̀kan tí àṣírí kò tú yóò tún padà síbẹ̀.

Ìdí nìyí tí irú akọ̀wé bẹ́ẹ̀ kì í fẹ́ gba ìsinmi. Bí ẹlòmíràn bá jókòó sídìí ìwé fún ọ̀sẹ̀ méjì péré, kò ní sẹ́ni tí yóò máa ti ihò náà kiri. Àṣírí náà tún lè tú nígbà tí Iléyá bá kù sí dẹ̀dẹ̀, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbowó wọn lẹ́ẹ̀kan náà fún aṣọ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ Ojúde Ọba.

Kí ọ̀dítọ̀, ẹni tó ń yẹ ìwé owó wò, fi rìsíìtì, lẹ́jà àti tẹ́là báńkì wéra: orúkọ, iye àti déètì gbọ́dọ̀ bára mu. Bí rìsíìtì bá ní ọjọ́ Ajé tí lẹ́jà ní Ọjọ́rú, ẹ béèrè ibi tí owó náà sùn. Lẹ́yìn náà, kí ó gba páásìbúùkù lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá ní kí akọ̀wé bá òun kó wọn jọ ti fún un láyè láti tún wọn kọ.

Ẹ̀yáwó tún wà tí wọ́n ń kọ sí orúkọ ẹni tó ti kú tàbí tó ti kó lọ sí Èkó. Ẹ pe onídùúró lórí fóònù, ó parí.

Èyí tó ń ba ẹgbẹ́ jẹ́ jù ni èrè orí ìwé, ìgbìmọ̀ lódindi ló sì lè mọ̀ sí i. Ẹnìkan yá ₦2,000,000, kò san kọ́bọ̀ fún ọdún kan gbáko, síbẹ̀ wọ́n ka èlé 10% rẹ̀ mọ́ èrè. ₦200,000 tí ẹnikẹ́ni kò fojú rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n náírà gidi ni wọ́n ń pín lópin ọdún, inú owó ìfipamọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ló sì ti ń jáde. Bí oníjìbìtì tó ń jẹ́ Charles Ponzi ṣe ń san owó ní Boston ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1920 nìyẹn, nígbà tó ṣèlérí èlé 50% láàárín ọjọ́ 45. Òun mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ẹgbẹ́ lè rọra yọ̀ débẹ̀ nítorí ojú ń tì wọ́n láti sọ pé èrè ọdún yìí kéré.

Ní ìpàdé ọdọọdún, iye èlé tó wọ báńkì ni kí ẹ béèrè. Kí akápò ka àwọn ẹ̀yáwó tí wọn kò san nǹkan kan lára wọn fún oṣù 3, 6 àti 12 lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Èyí tó bá ti ju ọjọ́ 90 lọ, ẹ yọ èlé rẹ̀ kúrò nínú èrè kí ẹ tó pín ohunkóhun.