Coupling nínú sọ́fítíwíà simulation: bó ṣe ń ṣiṣẹ́ àti ibi tó ti máa ń tan èèyàn jẹ

Boundary condition lásán, ìyẹn àṣẹ tó ń di nǹkan mú, ò le rárá, o mú nóòdù kan (ojúkò tí àwọn ègé wẹ́wẹ́ tí kọ̀ǹpútà gé nǹkan sí ti so pọ̀), o ní kó má sún, ó parí. Ti coupling yàtọ̀ torí kì í ṣe pé o ní kí nóòdù dúró síbì kan, ohun tí o ń sọ ni pé bí èyí bá sún, tọ̀hún náà gbọ́dọ̀ bá a sún, ibi yòówù kí wọ́n jọ gbà lọ. Lójú kọ̀ǹpútà, U1 − U2 = 0 ni (U1 ni bí nóòdù kìíní ṣe sún, U2 ti èkejì), ìyẹn èyí tó rọrùn jù nínú wọn.

Ká ní o ní irin pẹlẹbẹ kan tó ní ihò 20 mm, bóòtù gba inú ihò yẹn kọjá, apá kan wà lára bóòtù náà, lóòdù 10 kN sì wà lẹ́nu apá yẹn, 150 mm sí ihò. Irin pẹlẹbẹ yẹn nìkan ni o fẹ́ mọ bó ṣe máa ṣe, o ò ráyè máa ya bóòtù àti apá. Nǹkan tí a máa ń ṣe ni pé a ó fi reference point kan (ojúkò tí a kàn fi kún un fúnra wa) síbi tí lóòdù wà, a ó wá so ó mọ́ ojú inú ihò. Reference point lè rìn lọ́nà mẹ́fà, sísún mẹ́ta àti yíyí mẹ́ta, àmọ́ nóòdù solid (ti ègé tó ní ìnípọn gidi), ọ̀nà mẹ́ta péré ló ní, kò mọ nǹkan tó ń jẹ́ yíyí rárá, torí ẹ̀ tí o bá lẹ moment (agbára tó ń yí nǹkan) mọ́ nóòdù solid kan ṣoṣo kò lè ṣe nǹkan kan. Coupling ló máa sọ moment 1,500 N·m (10 kN × 150 mm) di agbára tó ń tì níbì kan tó sì ń fà níbòmíì lójú ihò.

Ibi tí wàhálà wà nìyí o: oríṣi méjì ni. Nínú àwọn sọ́fítíwíà yìí, Abaqus ń pè wọ́n ní kinematic àti distributing, Nastran ní RBE2 àti RBE3, ANSYS Mechanical ní Rigid àti Deformable. Èyí àkọ́kọ́ le gbagidi, gbogbo nóòdù tó wà lójú ihò á máa tẹ̀ lé reference point, ihò tó rí roboto ò sì ní yí ìrísí padà, bó ti wù kí lóòdù pọ̀ tó. Èkejì ò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, lóòdù ló kàn ń pín, 10 kN láàárín nóòdù mẹ́rin tí wọ́n dọ́gba á jẹ́ 2,500 N fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, reference point fúnra ẹ̀ ló wá ń tẹ̀ lé ìpíndọ́gba ìrìn wọn. Nítorí náà tí o bá fi distributing di nǹkan mú, ìpíndọ́gba yẹn nìkan ló jẹ́ òdo, ojú ihò ṣì lè wọ́ bó ṣe fẹ́.

Èwo ni kéèyàn wá mú? Wo nǹkan tí o yọ kúrò nínú modẹ́ẹ̀lì. Bóòtù tó nípọn nínú irin tẹ́ẹ́rẹ́, mú èyí tó le. Ẹrù kan tó kàn gbé ara lé e, tí kò fi kún agbára irin yẹn, mú èyí tó ń pín. Tí kò bá dá mi lójú, méjèèjì ni mo máa ń ràn, tí èsì tó jìnnà sí ihò ò bá yí padà, ó tán nìyẹn. Èyí tó wà létí coupling gan-an, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ọ́ sínú ìròyìn bíi pé stress (bí agbára ṣe pọ̀ tó lórí ìwọ̀n ojú irin) gidi ni.

Ooru ló ń tú àṣírí RBE2, èyí tó le yẹn, jù. Irin gígùn 100 mm tí ooru ẹ̀ fi 100°C lọ sókè yẹ kó fi 0.12 mm gùn sí i, àmọ́ coupling tó le yìí ò ní gbà, ló bá di stress tó tó 240 MPa, ìyẹn tó bá dì í lọ́nà kan ṣoṣo o, tó bá jẹ́ ọ̀nà méjì ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ irin tó wọ́pọ̀ jù ti fẹ́ẹ̀ máa tẹ̀ ní 250 MPa! Ṣe coordinate cylindrical síbi ihò náà, kí o tú ọ̀nà R (láti àárín ihò síta) sílẹ̀ nínú kinematic coupling, kí ihò lè ráyè fẹ̀.

Àṣìṣe míì ni kí nóòdù kan máa gbàṣẹ lẹ́nu ọ̀gá méjì. Ó pọ̀ jù níbi tí ojú symmetry (ibi tí a ti gé modẹ́ẹ̀lì sí ìdajì tó dọ́gba) ti kan ihò tó ti ní coupling, tàbí tí ojú méjì tó ní coupling jọ ní etí kan náà. Nastran á jágbe fatal, Abaqus á máa kìlọ̀ overconstraint (àṣẹ ti pọ̀ jù lórí nóòdù kan) tàbí zero pivot, àwọn kan sì máa ń kọjá lórí warning yẹn ṣá. Tí ihò ló fẹ́ dì, reference point ni kí o dì, má fọwọ́ kan nóòdù ihò. Tó bá jẹ́ *EQUATION (àṣẹ Abaqus tí a fi ń kọ irú U1 − U2 = 0) lo fi ọwọ́ kọ, ọ̀nà ìrìn nóòdù tí o kọ́kọ́ dárúkọ ni Abaqus máa yọ dànù, o ò lè tún lẹ boundary condition mọ́ ọn. Equation yẹn náà ò mọ̀ tí nǹkan bá yí gan-an o, ọ̀nà tí o kọ sínú ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ ló ṣì ń tẹ̀ lé.

Kí o tó gba èsì gbọ́, ṣí reaction (agbára tí ibi ìdìmú fi ń dá lóòdù padà) wò níbi tí o di irin mọ́lẹ̀, 10 kN gbọ́dọ̀ pé, moment náà gbọ́dọ̀ bára mu. Lẹ́yìn náà yọ gbogbo sọpọ́ọ̀tù kúrò, ran modal (ìṣirò bí nǹkan ṣe ń gbọ̀n), mode mẹ́fà, ìyẹn ọ̀nà mẹ́fà tí nǹkan tí a ò dì lè gbà rìn, ló yẹ kí frequency wọn wà nítòsí òdo. Tí wọn ò bá pé mẹ́fà, coupling kan ti di nǹkan mọ́lẹ̀ láìjẹ́ pé o ní kó ṣe bẹ́ẹ̀, tí wọ́n bá sì ju mẹ́fà lọ, apá ibì kan ò so mọ́ nǹkan kan.