Ilẹ̀ Tí Wọn Kò Ṣọgbà Yí Ká: Bí Ọdẹ Tí Kò Nílẹ̀ Ṣe Ń Rígbó Wọ̀ ní Pennsylvania

Ní àárọ̀ Sátidé tó bá tẹ̀lé ọjọ́ Ìdúpẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà, kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ọkọ̀ á ti tò lọ bẹẹrẹ lẹ́bàá títì ní àwọn òkè Pennsylvania. Aṣọ aláwọ̀ ọsàn tó ń tàn yòò ló wà lọ́rùn gbogbo ọdẹ, kí ẹnì kan má baà ṣèèṣì yìnbọn lu ẹnì kejì. Ẹni tó ni oko 200 éékà wà níbẹ̀, ẹni tó háyà yàrá méjì ní Upper Darby, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Philadelphia, náà wà níbẹ̀. Èmi wà lára àwọn oníyàrá méjì. Igbó kan náà la jọ ń wọ̀, àgbọ̀nrín kan náà la jọ ń wá, kò sì sẹ́ni tó máa béèrè lọ́wọ́ mi pé ọmọ ta ni mí.

Báwo ló ṣe di pé ẹni tí kò ní ilẹ̀ tó tó ẹní lè dẹ ìgbẹ́ nílẹ̀ òyìnbó? Ọ̀pọ̀ á sọ pé òfin tí Ààrẹ Franklin Roosevelt fọwọ́ sí ní 1937 ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, èyí tó ya owó orí lórí ìbọn sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú ẹran ìgbẹ́. Òfin dáadáa ni. Ṣùgbọ́n Pennsylvania ti ń ra ilẹ̀ fún ọdẹ fún ọdún 17 kí Roosevelt tó mú gègé. Àwọn ará Massachusetts á mú òfin tiwọn ti 1641 wá. Adágún ńlá, odò àti etí omi ni òfin yẹn sọ, ẹja àti ẹyẹ ló fún wọn, kò dárúkọ àgbọ̀nrín. Ní ti Vermont, tí òun náà kọ ẹ̀tọ́ ọdẹ sínú òfin rẹ̀, inú ìwé òfin Pennsylvania ti 1776 ni wọ́n ti da ti wọn kọ ní 1777, nítorí náà ọmọ kò lè ṣáájú bàbá. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí wọn.

Orísun rẹ̀, lójú tèmi, ni ọ̀rọ̀ kan tí William Penn, ọkùnrin tó dá Pennsylvania sílẹ̀, kọ sínú ìwé ìṣàkóso ìlú rẹ̀ ní 1683. Kí n tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà èwe rẹ̀.

London ni wọ́n bí Penn sí ní 1644, ṣùgbọ́n Wanstead ní Essex ló gbé ní kékeré, ilé-ẹ̀kọ́ Chigwell ló sì lọ. Tí ẹ bá wo àwòrán ilẹ̀, ẹ óò rí i pé etí igbó ọba ni ibi méjèèjì wà, igbó ńlá tí èyí tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ ń jẹ́ Epping Forest lónìí. Láti ìgbà tí William ará Normandy ti ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066 ni ọba ti ń fi òfin de irú igbó bẹ́ẹ̀. Igi lè wà lórí ilẹ̀ rẹ, àgbọ̀nrín lè máa jẹ ọkà rẹ, o kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, torí ẹran ọba ni. Ìwé Òfin Igbó ti 1217 ló tó wá sọ pé ẹnikẹ́ni kò ní pàdánù ẹ̀mí tàbí ẹ̀yà ara mọ́ nítorí ẹran ọba. Ẹ̀yin náà ẹ ro ohun tó ti ń ṣẹlẹ̀ ṣáájú. Nígbà tí Penn ti wá di géńdé, ní 1671, ilé aṣòfin tún fi kún un pé ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ kò bá ń mú £100 wọlé lọ́dún kò gbọdọ̀ ní ìbọn ọdẹ tàbí ajá ọdẹ nílé rárá. Àgbẹ̀, alágbẹ̀dẹ, ahunṣọ, gbogbo wọn di ẹni tí ń gbóòórùn ẹran láti òkèèrè.

Mo gbà tọkàntọkàn pé ọmọdé tó ń gba ẹ̀gbẹ́ irú igbó bẹ́ẹ̀ lọ sílé ìwé á ti máa rí àgbọ̀nrín lójoojúmọ́, á sì ti máa gbọ́ ẹjọ́ àwọn tí wọ́n mú. Mo gbà pé ó dé inú rẹ̀, kò sì kúrò. Penn kì í ṣe tálákà o, ọmọ ọ̀gágun ojú omi ni, ṣùgbọ́n ó di ẹlẹ́sìn Quaker, ìjọ Kristẹni kan tí ìjọba kò fẹ́ nígbà náà, wọ́n sì tìtorí ìwé tó kọ jù ú sẹ́wọ̀n ní Tower of London. Ẹni tó ti jìyà lábẹ́ òfin àwọn alágbára kì í pẹ́ mọ ibi tí òfin ti ń dun mẹ̀kúnnù.

Ní 1681, Ọba Charles Kejì fi ilẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà san gbèsè tó jẹ bàbá Penn. Ọba ló fi orúkọ bàbá náà sí i: Pennsylvania, ìyẹn igbó Penn, torí pé igbó ni "silva" ní èdè Látìn. Mo fẹ́ràn orúkọ yìí gan-an. Àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn ń jẹ́ orúkọ ọba, orúkọ ayaba, orúkọ ìlú tí wọ́n ti wá. Tiwa ń jẹ́ igbó.

Penn gúnlẹ̀ ní oṣù kẹwàá 1682. Nígbà tó fi máa di 1683, ìwé ìṣàkóso tuntun ti jáde, ọ̀rọ̀ tí mò ń wí sì wà nínú rẹ̀: pé kí àwọn ará ìlú lè rí oúnjẹ tí Ọlọ́run pèsè lọ́fẹ̀ẹ́ jẹ, òun fún wọn ní òmìnira láti pa ẹyẹ àti láti dẹ ìgbẹ́ lórí ilẹ̀ tiwọn, àti lórí gbogbo ilẹ̀ yòókù tí wọn kò ṣọgbà yí ká.

Ẹ dúró lórí ọ̀rọ̀ ọgbà yẹn díẹ̀, torí ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà. Lóde òní, tí a bá gbọ́ ọgbà, ohun tó ń wá sọ́kàn wa ni ògiri tí onílé mọ kí olè má baà wọlé. Nígbà náà lọ́hùn-ún, ẹran ọ̀sìn ló ń rìn kiri, oko ni wọ́n ń ṣọgbà yí ká. Ẹni tó bá dàgbà sí abúlé níbi tí ewúrẹ́ ti ń jẹ kiri mọ ohun tí mò ń sọ: o gbin ẹ̀fọ́, o ṣọgbà sí i; bí o kò bá ṣọgbà sí i, o kò lè bá ewúrẹ́ jà. Ọgbà jẹ́ ẹ̀rí iṣẹ́. Ibi tí o ti ro, tí o gbìn, tí o sì yí igi ká, tìrẹ ni. Ibi tí o kàn ní ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ ṣùgbọ́n tí igbó rẹ̀ ṣì wà bí Ọlọ́run ṣe dá a, ọdẹ lè kọjá níbẹ̀. Ohun tí Penn ṣe ni pé ó gba àṣẹ lọ́wọ́ ìwé, ó gbé e fún ọgbà.

Ohun mìíràn tún wà tí àwọn tó ń kọ ìtàn òfin máa ń fò dá. Ilẹ̀ yẹn ní àwọn tó ń dẹ ìgbẹ́ lórí rẹ̀ kí Penn tó dé: àwọn Lenape. Nínú lẹ́tà tó kọ sí àwọn oníṣòwò ní London ní oṣù kẹjọ 1683, Penn sọ̀rọ̀ wọn tìyanu-tìyanu, pé àwa ń làágùn kí a tó jẹun, ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ ìgbádùn fún wọn, ìyẹn ọdẹ àti ẹja pípa, òun náà ló ń bọ́ wọn. Èmi kò rò pé ẹni tó rí èyí kò kọ́gbọ́n níbẹ̀. Ó dá mi lójú pé ìrántí igbó Essex àti ohun tí ojú rẹ̀ rí lọ́dọ̀ àwọn Lenape ló pàdé nínú gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn. Ó dùn mí pé àwọn ọmọ rẹ̀ kò ní irú ojú bẹ́ẹ̀. Ní 1737, wọ́n ní ilẹ̀ tí ènìyàn bá lè rìn já ní ọjọ́ kan ààbọ̀ làwọn rà lọ́wọ́ àwọn Lenape; wọ́n wá lọ háyà àwọn sárésáré, wọ́n la ọ̀nà sílẹ̀ fún wọn, wọ́n sì fi ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ yẹn gba ilẹ̀ tó lé ní mílíọ̀nù kan éékà. Òmìnira ọdẹ tí mo ń yìn yìí, orí ilẹ̀ àwọn tí wọ́n rẹ́ jẹ ló dúró sí.

Orúkọ ẹran náà gan-an yẹ ká yà sí. "Deer" tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é lónìí, ẹranko èyíkéyìí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ láyé àtijọ́. Ọdẹ ló sọ ọ́ di orúkọ àgbọ̀nrín nìkan, torí òun ni ẹran tí ọkàn wọn wà lára rẹ̀. Bí àwa náà ṣe ń pe ẹranko ní ẹran, tí a sì ń pe èyí tó wà nínú ọbẹ̀ ní ẹran nìyẹn. "Buck" tí wọ́n ń pe dọ́là náà, awọ àgbọ̀nrín ni. Nígbà tí Conrad Weiser, ògbufọ̀ ìjọba Pennsylvania, rìnrìn-àjò dé odò Ohio ní 1748, ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé wọ́n ja ọkùnrin kan lólè ohun tó tó 300 buck. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé àgbọ̀nrín ni wọ́n fi sọ Bucks County lórúkọ. Buckinghamshire ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n gé kúrú.

Òfin 1776 tún ọ̀rọ̀ Penn kọ, ó fi kún un pé ní àsìkò tó yẹ. Ti 1790 yọ ọ́ kúrò. Àwọn kan máa ń fi èyí dá mi lóhùn pé ó parí síbẹ̀. Kò parí. Ohun tó ti di àṣà fún ọdún 107, ìwé kò lè yọ ọ́ lẹ́sẹ̀ àwọn ènìyàn. Ní 1922, Adájọ́ Holmes ní ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ kọ ọ́ pé lórí ilẹ̀ gbalasa tí wọn kò ṣọgbà sí ní orílẹ̀-èdè yìí, àṣà ni kí ènìyàn máa rìn, kó máa yìnbọn, kó máa pẹja, títí di ìgbà tí onílẹ̀ bá ní òun kò fẹ́. Ẹjọ́ ìkarahun inú omi ní ìpínlẹ̀ Missouri ló ń dá, ṣùgbọ́n ohùn Penn ni mo gbọ́.

Kó tó di ìgbà yẹn, ẹran ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Àwọn agégigẹdú ti fá orí òkè Pennsylvania kodoro, ọdẹ tí ń pa ẹran tà lọ́jà sì gba ìyókù. Wọ́n dá àjọ tó ń bójú tó ẹran ìgbẹ́ sílẹ̀ ní 1895. Ní 1906 wọ́n ń lọ ra àgbọ̀nrín láàyè ní Michigan wá tú sígbó, ní 1907 wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má pa abo, ní 1913 wọ́n mú ìwé àṣẹ ọdẹ jáde ní dọ́là kan. Owó ìwé àṣẹ yẹn ni wọ́n fi ra ilẹ̀ ọdẹ àkọ́kọ́ ní 1920: éékà 6,288 ní Elk County, ní $2.75 éékà kan, ilẹ̀ tí àwọn agégigẹdú ti pa tì. Àwọn ọdẹ ra igbó pẹ̀lú owó ara wọn, wọ́n sì ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ọdẹ. Lónìí ó ti lé ní 300 irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, àpapọ̀ rẹ̀ tó nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ààbọ̀ éékà, ní káúńtì 65 nínú 67.

Káúńtì méjì tí kò ní? Philadelphia àti Delaware, níbi tí Upper Darby wà. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ àwa ọmọ Yorùbá ń gbé.

Ilé ló gba ibẹ̀. Kódà ní Bucks County tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Philadelphia, Levittown nìkan, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ní 1952, jẹ́ ilé 17,311 lórí ilẹ̀ tí àgbẹ̀ ti ń gbin nǹkan. Òfin ní oníbọn kò gbọdọ̀ dẹ ìgbẹ́ láàárín 150 yáàdì sí ilé tí ènìyàn ń gbé, àfi tí onílé bá gbà. Mo jókòó ṣe ìṣirò rẹ̀: ilé kan ṣoṣo ń gba ilẹ̀ tó lé ní éékà 14 lọ́wọ́ oníbọn. Ọlọ́fà, 50 yáàdì ni tirẹ̀, éékà kan àti díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọrun àti ọfà fi gbòde ní ẹ̀yìn ìlú wa. Àgbọ̀nrín ní tirẹ̀ kò lọ. Òdòdó onílé ló ń jẹ, mọ́tò ló ń pa á. Láti 2010 ni wọ́n ti ń fi ayìnbọn ìjọba dín wọn kù ní Valley Forge, igbó ìtura ìjọba àpapọ̀ tó wà nítòsí wa.

Ohun tó kù fún ọdẹ tí kò fẹ́ rìn jìnnà ni kó kan ilẹ̀kùn. Láti 2020, ẹni tí kò bá fẹ́ ọdẹ kò nílò ọgbà tàbí pátákó mọ́, ọ̀dà elésèé-àlùkò ló lè kùn sára igi: ìlà tó nàró, kò gbọdọ̀ kúrú ju íńṣì 8, ní ìwọ̀n àyà ènìyàn. Mo ti tẹ̀ lé irú ìlà bẹ́ẹ̀ ní Chester County láti igi dé igi, pẹ̀lú ìwé àṣẹ mi lápò, títí mo fi dé ẹnu ọ̀nà bàbá àgbẹ̀ kan. Bàbá yẹn wo bàtà mi, ó wo ọrun mi, ó ní ta ló kọ́ mi. Mo ní ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Ṣakí ni. Ó ní kí n máa bọ̀, ṣùgbọ́n kí n ti géètì bí mo ṣe bá a.

Ọdún mẹ́rin ni mo fi wọ igbó yẹn. Ní ọdún kọ̀ọ̀kan tí mo bá rí pa, itan ẹ̀yìn kan ni mo máa ń gbé lọ fún un, bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé pé onílẹ̀ kì í gbọ́ pé ẹran kú lórí ilẹ̀ òun láìrí nǹkan. Lọ́dún àkọ́kọ́, ìyàwó rẹ̀ kò mọ ohun tó máa ṣe sí i. Ìyàwó mi ló kọ́ ọ bí a ṣe ń fi ata àti àlùbọ́sà bọ̀ ọ́ kó tó di pé a dín in.

Bàbá náà kú ní ìgbà ìrúwé tó kọjá. Àwọn ọmọ ti ta oko. Nígbà tí mo kọjá níbẹ̀ lóṣù kẹsàn-án, àwọn awọnlẹ̀ ti ri pẹ́ẹ́gì mọ́lẹ̀ káàkiri, ọ̀dà elésèé-àlùkò ṣì wà lára àwọn igi tí wọ́n máa gé. Lọ́dún yìí, ilẹ̀ ọdẹ 157 ní Haycock, ní Bucks County, ni mo ń lọ. Ó ju wákàtí kan lọ láti Upper Darby. Màá gbéra ní aago mẹ́ta òru.