Ṣé Ọmọ Yín Ń Kàwé, àbí Ó Ń Kọrin Ìwé?

Àwọn òbí ní Adó àti Ìkẹ́rẹ́ máa ń bi mí pé ìwé wo ni kí àwọn rà kí ọmọ àwọn lè tètè mọ̀wé kà. Kí ẹ tó ra ìwé kankan, ẹ lọ wo bí tíṣà ṣe ń kọ́ ọmọ náà ní kíláàsì.

Ọ̀nà àtijọ́ ni pípe orúkọ lẹ́tà. Àwọn ọmọ á ké e pé "bí, éè, tí, éè", tíṣà á ní "bàtà!", gbogbo kíláàsì á sì gbè é. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: kò sí bí ẹ ṣe lè to "bí, éè, tí, éè" pọ̀ kó di bàtà. Tíṣà nìkan ló kàwé níbẹ̀. Ẹ má bínú sí i o, bí wọ́n ṣe kọ́ òun náà nìyẹn.

Òmíràn ni wò-ó-kí-o-pè-é. Àwòrán bàtà wà lójú ìwé, ọ̀rọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀, ọmọ á sì dá ọ̀rọ̀ náà mọ̀ bí a ṣe ń dá ojú èèyàn mọ̀. Inú òbí máa ń dùn sí èyí gan-an, torí kò ní pẹ́ tí ọmọ á fi máa "ka" ìwé náà látòkèdélẹ̀. Ẹ fọwọ́ bo àwòrán, kí ẹ ní kó bẹ̀rẹ̀ láti àárín. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ "tábà" sórí bébà mìíràn. Lẹ́tà inú bàtà náà ni. Bí ojú yín ló bá ń wò dípò ọ̀rọ̀, ohun tó há sórí ló ń sọ, kò tíì mọ̀wé kà.

Ọ̀nà tí mo fara mọ́ ni ti ìró, èyí táwọn ilé-ìwé aládàáni ń pè ní fóníìsì. Ọmọ á kọ́ ìró tí lẹ́tà dúró fún, á so wọ́n pọ̀ di sílébù, á so sílébù di ọ̀rọ̀. Ní ọdún 2000, ìgbìmọ̀ National Reading Panel tó ṣàyẹ̀wò bí a ṣe ń kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà ní Amẹ́ríkà yẹ ọ̀pọ̀ ìwádìí wò, wọ́n sì rí i pé fífi ìró kọ́ni létòlétò ń ran ọmọ lọ́wọ́ ju kí a má ṣe é bẹ́ẹ̀ lọ. Láti 2012 ni wọ́n ti ń dán àwọn ọmọ kékeré wò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú 40 ọ̀rọ̀, 20 nínú rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀ rárá, kí àkọ́sórí má bàa gba ọmọ là.

Èdè wa bá ọ̀nà yìí mu ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. Lẹ́tà 25 la ní, gb sì jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn. Ìró kan náà ni lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sábà máa ń ní níbikíbi. Lẹ́tà 26 ni Gẹ̀ẹ́sì ní fún nǹkan bí ìró 44, ẹ wo "though" àti "cough". Kí ló dé tí a fi ń ti ọmọ ọdún márùn-ún sínú ìyẹn kó tó mọ "ba" àti "ta"? Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí wọn ní Ifẹ̀ ní 1970, Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ kan fún ọdún mẹ́fà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan lára iṣẹ́. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Ohun kan kan àwa Èkìtì gbọ̀ngbọ̀n. Bí ọmọ bá rí "ilé" nínú ìwé tó pè é ní "ulé", ẹ má nà án. Ó ti mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Ẹ sọ fún un pé ulé là ń wí nílé, ilé ni ìwé kọ, kí ẹ sì fi ìka tọ́ka sí lẹ́tà àkọ́kọ́. Kí tíṣà má sì fi àmì ohùn falẹ̀ dìgbà tí ọmọ bá dàgbà: láìsí dò-re-mí, báwo ló ṣe máa mọ igba yàtọ̀ sí igbá?

Ìró nìkan kò tó ṣá. Àwọn ọmọ kan wà tó ń ka gbogbo sílébù láìmọ ohun tí wọ́n kà, nítorí náà, ẹ máa bi wọ́n léèrè, ẹ máa pàlọ́ fún wọn, ẹ máa kàwé sí wọn létí. Àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì bíi "one" àti "said" sì wà tó jẹ́ pé wò-ó-kí-o-pè-é ló máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Bí ẹ bá tún lọ sípàdé òbí, ẹ bi tíṣà pé: "Ìró wo lẹ kọ́ wọn lọ́sẹ̀ yìí?" Bí ó bá dárúkọ ojú ìwé nìkan, ẹ fara balẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kí ẹ jókòó sẹ́yìn kíláàsì fún ìgbà díẹ̀.