Bí a ṣe ń mọ ibi tí ariwo ti ń wá nínú ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà tó ti gbó

Ọ̀kadà tó ti rin 60,000 kìlómítà kò lè dákẹ́ bí ìgbà tó ṣì wà nínú páálí. Irin ti jẹ irin, àyè ti ṣí sílẹ̀ níbi tí nǹkan ti há tẹ́lẹ̀. Ariwo kan wà tó jẹ́ ti ogbó lásán, òmíràn sì wà tí yóò fọ́ ẹ́ńjìnnì kí wọ́n tó gùn ún dé ọjà. Ó ń dunni pé ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà ni wọ́n ti tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó bi í léèrè ìgbà tí ariwo náà máa ń wáyé: ṣé nígbà tó tutù ni, àbí tó gbóná, àbí tó bá gbé èrò gun òkè?

Ọ́ìlì ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò. Ọ̀pọ̀ ọ̀kadà kò gbà ju nǹkan bíi lítà kan lọ, ẹ́ńjìnnì tó ti gbó sì máa ń jẹ ọ́ìlì, nítorí náà díẹ̀ tó bá dín kì í ṣe kékeré. Lẹ́yìn náà ni ẹnu sàlẹ́ńsà, níbi tó ti so mọ́ ẹ́ńjìnnì. Bí nọ́ọ̀tì ibẹ̀ bá ti dẹ̀, èéfín á máa ta jáde, ariwo rẹ̀ á sì jọ ti táápẹ́ẹ̀tì (irin kékeré tó ń ti fáàfù, ìdérí ọ̀nà afẹ́fẹ́ àti èéfín, láti ṣí i) gẹ́lẹ́. Ìdọ̀tí dúdú tó bá lẹ̀ mọ́ etí ibẹ̀ ló máa ń tú àṣírí rẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé inú lariwo ti ń wá lóòótọ́, sukúdiráfà gígùn ti tó irinṣẹ́. Wọ́n á fi ẹnu rẹ̀ kan ara ẹ́ńjìnnì, wọ́n á fi èèkù rẹ̀ ti egungun iwájú etí, wọ́n á wá máa gbé e káàkiri láti orí dé ìsàlẹ̀. Kó má ṣáà kan wáyà púlọ́ọ̀gì. Kí wọ́n fetí sí bó ṣe ń yára tó pẹ̀lú. Kíránkì (ọ̀pá tó ń yí nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì) máa ń yí lẹ́ẹ̀mejì kí kámù (èyí tó ń mú fáàfù ṣí) tó yí lẹ́ẹ̀kan. Bí kíránkì bá ń yí nígbà 1,400 ní ìṣẹ́jú kan lórí síló, ìyẹn nígbà tó ń ṣiṣẹ́ lórí ìdúró, fáàfù kọ̀ọ̀kan á ṣí nígbà 700 péré. Ohun tó bá ń dún lókè, tó sì falẹ̀ ju bí kíránkì ṣe ń sáré lọ, ọ̀dọ̀ fáàfù ló ti ń wá.

Táápẹ́ẹ̀tì a máa dún tẹ́-tẹ́-tẹ́, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Lára Honda CG125, àyè tó yẹ kó wà láàárín rẹ̀ àti fáàfù jẹ́ 0.08 mílímítà. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tutù kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n, kí písítìnnì (irin tó ń lọ sókè sódò nínú siléndà) wà lókè pátápátá, kí fáàfù méjèèjì sì padé. Àwọn kan á fún un títí tí kò fi ní dún mọ́, inú oníbàárà á sì dùn. Aburú gbáà nìyẹn. Fáàfù tí kò padé dáadáa kò rí ibi gbé ooru rẹ̀ sí, èyí tó wà lọ́nà èéfín ló sì máa ń kọ́kọ́ jó. Táápẹ́ẹ̀tì tó ń dún díẹ̀ sàn jìnnà sí èyí tí wọ́n fún pa.

Bajaj Boxer ní táímìn-séènì, ìyẹn séènì tó ń yí kámù. Bó bá ti fà, á máa dún ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ siléndà, pàápàá bí wọ́n bá dín eré ẹ́ńjìnnì kù lójijì. CG125 àti àwọn ti Ṣáínà tó fara wé e kò ní séènì yìí rárá, ọ̀pá ló ń ti fáàfù wọn. Mẹkáníìkì tó bá ní kí onítọ̀hún lọ ra táímìn-séènì fún un kò tíì mọ ẹ́ńjìnnì tó wà níwájú rẹ̀.

Kí wọ́n di kílọ́ọ̀ṣì mú nígbà tí gíà wà ní níútírà. Bí ariwo bá dáwọ́ dúró, ilé kílọ́ọ̀ṣì tàbí bíárìn inú gíà ni kí wọ́n wò, kí wọ́n fi kíránkì sílẹ̀.

Písítìnnì tó ti jẹ máa ń dún pọ̀-pọ̀-pọ̀ ní òwúrọ̀, tó bá gbóná tán á rọlẹ̀. Irú rẹ̀ ṣì lè ṣiṣẹ́ pẹ́, bí wọ́n bá ń ṣọ́ ọ́ìlì rẹ̀. Ti kọ́nẹ́ẹ̀tìn, ọ̀pá tó so písítìnnì mọ́ kíránkì, yàtọ̀ pátápátá: ìsàlẹ̀ ló ti máa ń dún, gbọ̀-gbọ̀-gbọ̀, bí ẹ́ńjìnnì bá sì ṣe ń gbóná tí ọ́ìlì ń ṣàn bí omi ni yóò máa le sí i, pàápàá tó bá gbé ẹrù. Èyí ni wọ́n ń pè ní pé ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì. Kí wọ́n pa á lójú ẹsẹ̀.

Kí wọ́n da ọ́ìlì rẹ̀ sínú abọ́ funfun, kí wọ́n fi mágínẹ́ẹ̀tì wá inú rẹ̀. Èérún tí mágínẹ́ẹ̀tì bá gbé, irin ni, ó lè jẹ́ ti bíárìn tàbí ti gíà. Èyí tó ń dán tí mágínẹ́ẹ̀tì kò gbé sábà máa ń jẹ́ ti písítìnnì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí siléndà, tí wọ́n á di kọ́nẹ́ẹ̀tìn mú. Bó bá ń mì sọ́tùn-ún sósì díẹ̀, bó ṣe yẹ kó wà nìyẹn. Bó bá ń lọ sókè sódò nígbà tí kíránkì kò yí, bó ti wù kó kéré mọ, kíránkì gbọ́dọ̀ jáde.